Bí a ṣe ń lo pàǹtírí ilé-iṣẹ́ nínú kọnkéré láìfi ilé wéwu

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé lóríṣiríṣi ọ̀nà: "Mo rí eérú gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan, ṣé mo lè dà á mọ́ símẹ́ńtì?" "Ìdàrọ́ irin kún ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ wa, ṣé ó lè rọ́pò òkúta?" "Gíláàsì fífọ́ ńkọ́?" Àwọn kan wúlò gan-an, àwọn kan kò ṣe é sún mọ́ rárá, ọ̀pọ̀ sì wà láàárín, a ní láti dán wọn wò ká tó gbà wọ́n láyè. Ohun méjì ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: àìmọ ohun tó wà nínú pàǹtírí ọ̀hún, àti ìkánjú. Torí méjèèjì ni mo ṣe to àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó ka ìyókù. Òpó, bíìmù, dẹ́kìn àti ìpìlẹ̀ ló gbé ẹ̀mí èèyàn rù. Ẹnjiníà ìkọ́lé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àdàlù tí ẹ máa lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí á jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa bi í àti èsì ìdánwò tí ẹ máa gbé síwájú rẹ̀.

## Kí ló wà lọ́wọ́ yín gan-an?

Pàǹtírí lè ṣe ọ̀kan nínú iṣẹ́ méjì nínú kọnkéré. Èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun, tó sì lè bá símẹ́ńtì ṣiṣẹ́ pọ̀, lè gba ipò díẹ̀ nínú símẹ́ńtì. Èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ lè gba ipò yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Gíláàsì tí wọ́n lọ̀ kúnná ń ran símẹ́ńtì lọ́wọ́, gíláàsì kan náà tí wọ́n kàn fọ́ sí wẹ́wẹ́ sì lè mú kí kọnkéré wú kó sì sán.

Eérú èédú, tí wọ́n ń pè ní fly ash. Eérú tó ń bá èéfín gòkè ní ilé-iṣẹ́ amúnáwá tó ń sun èédú ilẹ̀ ni, ẹ̀rọ ló ń gbà á sílẹ̀ kó tó jáde. Wóró rẹ̀ rí rogodo, ìdí nìyí tí kọnkéré tó ní in fi ń rọ̀ láìgba omi púpọ̀. Nígbà tí símẹ́ńtì bá pàdé omi, láìmù kan (lime, èròjà funfun bí ẹfun) máa ń jáde tí kò fi bẹ́ẹ̀ fi agbára kún kọnkéré. Fly ash á bá láìmù yẹn ṣe pọ̀, wọn á di ohun líle tó ń di ihò inú kọnkéré pa. Iṣẹ́ yìí kì í yá: ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún símẹ́ńtì ni wọ́n sábà máa ń fi í rọ́pò. Eérú tó kù sí ìsàlẹ̀ ààrò ní ilé-iṣẹ́ kan náà kò jọ ọ́ rárá. Ìyẹn rí gáúngàún, ó sì kún fún ihò, bó ṣe wà yẹn, ipò yanrìn nìkan ló lè gbà.

Ìdàrọ́ (slag) láti inú blast furnace, ìyẹn ààrò ńlá tí wọ́n ti ń yọ́ irin jáde láti inú òkúta rẹ̀. Ó máa ń léfòó lórí irin yíyọ́. Bí wọ́n bá da omi púpọ̀ lé e lójijì nígbà tó ṣì gbóná, á di wóróworo tó dà bíi gíláàsì. Èyí ni wọ́n ń lọ̀ kúnná, tí ó ń gba ìdá 30 sí 50 nínú símẹ́ńtì. Nínú ìpìlẹ̀ ńláńlá àti iṣẹ́ etí òkun, wọ́n ń gbé e dé ìdá 70. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ bíi símẹ́ńtì bó ti wù kí ẹ lọ̀ ọ́ tó. Òkúta ni kí ẹ fi ṣe. Torí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ẹni tó ń tà á ni: báwo ni wọ́n ṣe mú un tutù?

Silica fume. Láti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe silicon àti ferrosilicon ló ti ń wá. Wóró rẹ̀ kéré tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún wóró símẹ́ńtì. Ìdá 5 sí 10 ti tó. Ó ń mú kí kọnkéré le gan-an, àmọ́ ó máa ń mu omi púpọ̀, torí náà, láìsí oògùn tó ń mú kọnkéré rọ̀ (superplasticizer), ẹ má dá a dánwò.

Kọnkéré àtijọ́ tí wọ́n fọ́. Ó lè rọ́pò ìdá 20 sí 30 nínú òkúta wẹ́wẹ́. Ó máa ń fa omi mu, nítorí náà ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó pò ó.

Gíláàsì lílọ̀ gbọ́dọ̀ kúnná tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa gba inú asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 75 micron kọjá (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà). Eérú èèpo ìrẹsì dára bí iná tí wọ́n fi sun ún kò bá kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 700 lórí Celsius. Bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára inú rẹ̀ á kú. Yanrìn tí wọ́n ti fi da irin lè rọ́pò díẹ̀ nínú yanrìn, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún amọ̀, lẹ́búlẹ́bú èédú àti gọ́ọ̀mù tó bá kù sínú rẹ̀.

## Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà

- Ohunkóhun tí ẹni tó kó o wá kò lè sọ orísun rẹ̀.
- Ohun tó bá ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì, bátìrì, òjé tàbí epo ẹ̀rọ nínú.
- Pàǹtírí tó ní síǹkì tàbí òjé, àní bó ṣe díẹ̀. Yàtọ̀ sí májèlé rẹ̀, kì í jẹ́ kí símẹ́ńtì tètè dì. Bákan náà ni súgà.
- Ohun tó ní POP tàbí pílásítà jípúsọ̀mù nínú. Ó ń bá símẹ́ńtì jà, kọnkéré á wú, á sì sán lẹ́yìn tó ti le.
- Ohun tó ní iyọ̀ nínú, bí irin yóò bá wà nínú kọnkéré náà. Iyọ̀ máa ń mú kí irin dípẹtà láti inú wá.
- Ìdàrọ́ tó wá láti ààrò tí wọ́n ti ń sọ irin di steel, àfi bí láàbù bá ti fọwọ́ sí i.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí tó gbẹ̀yìn, torí òun ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ó dúdú, ó le, ó wúwo, ó dà bí òkúta tó dára jù lọ. Àmọ́ láìmù àti magnesia (èròjà mìíràn tó jọ láìmù) wà nínú rẹ̀ tí kò tíì pàdé omi. Bí ọ̀rinrin bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn á wú, wọ́n sì lè má bẹ̀rẹ̀ títí oṣù tàbí ọdún yóò fi kọjá, nígbà tí àwọn èèyàn ti ń gbé inú ilé náà. Wọ́n máa ń tẹ́ ẹ síta fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí òjò máa rọ̀ sí i, kí wọ́n tó lò ó lábẹ́ títì. Ẹ má gbé e sínú bíìmù tàbí òpó.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Òṣùwọ̀n tó lè wọn gíráàmù mẹ́wàá sí mẹ́wàá
- Asẹ́ tó kúnná, àti mágnẹ́ẹ̀tì
- Ìgò méjì tó mọ́ gaara, tó ní ìdérí
- Mọ́ọ̀dù kúúbù onímílímítà 100, méjìlá fún àdàlù kọ̀ọ̀kan (ẹ lè yá a lọ́wọ́ láàbù)
- Kóònù fún ìdánwò slump (ìdánwò tó ń fi bí kọnkéré tútù ṣe rọ̀ tó hàn)
- Ìbòmú tó ń dá eruku dúró (FFP2 tàbí N95), awò ìdáàbòbò ojú, ibọ̀wọ́ rọ́bà
- Ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ má fi ìbòmú ṣeré. Eruku silica (èròjà inú yanrìn àti òkúta) tó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde mọ́, àìsàn tó ń fà kò sì ní ìwòsàn. Aṣọ tí ẹ kàn so mọ́ imú kò lè dá a dúró.

## Ìgbésẹ̀ láti òkìtì dé orí kúúbù

1. Ẹ ka àpò símẹ́ńtì yín. Bí ẹ bá rí CEM I lára rẹ̀, símẹ́ńtì gidi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. CEM II/A ti ní àdàlù mìíràn tó ìdá 6 sí 20 láti ilé-iṣẹ́ wá, CEM II/B ní ìdá 21 sí 35. Bí ẹ bá tún da eérú ìdá 25 lé CEM II/B, símẹ́ńtì gidi tó máa kù lè má tó ìdajì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, tí wọn á sì dá eérú lẹ́bi.

2. Ẹ béèrè ìwé ìdánwò. Ilé-iṣẹ́ tó ń tà á yẹ kó ní in. Fún fly ash, ìlànà ASTM C618 (òdiwọ̀n Amẹ́ríkà fún irú eérú yìí) kò gbà kí ohun tó jóná dànù nígbà tí wọ́n bá tún un sun kọjá ìdá 6, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó bá kù sórí asẹ́ 45 micron kò gbọdọ̀ ju ìdá 34 lọ. Bí kò bá sí ìwé kankan, ẹ gbé ẹ̀kún ìgò kan lọ sí láàbù kí ẹ tó ná owó ọkọ̀ lórí tọ́ọ̀nù púpọ̀.

3. Ẹ wò ó nínú omi. Ẹ da ṣíbí mélòó kan sínú ìgò omi, ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀. Bí ohun dúdú púpọ̀ bá léfòó, èédú tí kò jóná tán ló wà níbẹ̀. Èédú yẹn á máa mu omi àti oògùn tí ẹ bá fi sínú kọnkéré.

4. Ẹ wá irin àti alumíníọ̀mù inú rẹ̀. Ẹ fi mágnẹ́ẹ̀tì kó irin kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ po símẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ omi púpọ̀ nínú ìgò kejì, ẹ jẹ́ kó sílẹ̀, ẹ ro omi òkè rẹ̀ sórí pàǹtírí náà níta gbangba, ẹ má sì dé e pinpin. Bí ó bá ń hó kúṣúkúṣú láàárín wákàtí mélòó kan, alumíníọ̀mù ló ń tú afẹ́fẹ́ hydrogen jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ń gbiná, ẹ má mú iná sún mọ́ ọn. Nínú kọnkéré, òun ni yóò máa fẹ́ ihò kiri, tí kọnkéré á sì sán. Eérú tó ń wá láti ibi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí ìlú sábà máa ń ní àìsàn yìí.

5. Ẹ wo bó ṣe ń dì. Ẹ po símẹ́ńtì nìkan mọ́ omi, kó ki, ẹ tẹ́ ẹ bí àkàrà pẹlẹbẹ. Ẹ ṣe èkejì tí ẹ fi pàǹtírí rọ́pò ìdá 20 símẹ́ńtì inú rẹ̀. Ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, ẹ fi èékánná tẹ̀ wọ́n. Kí èkejì pẹ́ díẹ̀ kò burú. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì tó ṣì ń rọ̀, ẹ dà á nù.

6. Ẹ sè é. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ gbé pẹlẹbẹ méjèèjì sínú omi híhó fún wákàtí mẹ́ta. Bó bá sán, tó yí, tàbí tó fọ́, ìwúlé wà nínú rẹ̀, ẹ má lò ó. Bí kò bá sán, ẹ lè tẹ̀síwájú, àmọ́ èyí kò dá ìdàrọ́ steel láre, torí magnesia lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó wú.

7. Ẹ po àdàlù méjì. Ọ̀kan láìní pàǹtírí, ọ̀kan tó ní in. Láìsí àfiwé, nọ́ńbà tí láàbù bá fún yín kò ní ìtumọ̀. Àpẹẹrẹ rèé fún lítà 20, pẹ̀lú òkúta tí kò ju mílímítà 20 lọ:

Àfiwé
- símẹ́ńtì kìlógíráàmù 7
- omi kìlógíráàmù 3.5
- yanrìn gbígbẹ kìlógíráàmù 14
- òkúta wẹ́wẹ́ kìlógíráàmù 23

Fly ash ìdá 20
- símẹ́ńtì kìlógíráàmù 5.6
- fly ash kìlógíráàmù 1.4
- omi tí kò ju kìlógíráàmù 3.5 lọ
- yanrìn gbígbẹ kìlógíráàmù 13.6
- òkúta wẹ́wẹ́ kìlógíráàmù 23

Ẹ ó rí i pé yanrìn dín díẹ̀. Fly ash fúyẹ́ ju símẹ́ńtì lọ, torí náà kìlógíráàmù kan rẹ̀ ń gba àyè tó fẹ̀ jù. Bí ẹ kò bá yọ yanrìn kúrò, àdàlù yín á ju lítà 20 lọ, símẹ́ńtì inú rẹ̀ á sì fọ́nká.

8. Ẹ fi omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da kìlógíráàmù 3.2 sí àdàlù eérú, kí ẹ wo slump rẹ̀. Ẹ máa fi kún un títí tí yóò fi bá ti àfiwé mu, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Bí kò bá bá a mu títí omi fi pé 3.5, oògùn tó ń mú kọnkéré rọ̀ ni kí ẹ wá, ẹ má fi omi kún un.

9. Ẹ rọ kúúbù. Méjìlá fún àdàlù kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta fún ọjọ́ 7, mẹ́ta fún ọjọ́ 28, mẹ́ta fún ọjọ́ 56, mẹ́ta fún ọjọ́ 90. Ẹ rọ ọ́ ní ìpele, ẹ fi ọ̀pá gún ìpele kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ fi ọ̀rá bò ó. Ẹ tú u lọ́jọ́ kejì. Bí etí rẹ̀ bá ń ṣí, ẹ fi ọjọ́ kan kún un. Inú omi ni kó wà láti ìgbà yẹn títí di ọjọ́ tí ẹ máa gbé e lọ fọ́ ní láàbù kí wọ́n lè mọ agbára rẹ̀.

## Bí ẹ ṣe máa ka èsì

Ní ọjọ́ 7, àdàlù tó ní eérú tàbí ìdàrọ́ sábà máa ń wà lẹ́yìn. Ẹ má ba ara yín nínú jẹ́. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi kúúbù sílẹ̀ di ọjọ́ 90 nìyí: ọ̀pọ̀ àdàlù rere ni wọ́n ti dà nù torí pé wọ́n dá ẹjọ́ wọn lọ́sẹ̀ kìíní.

Ní ọjọ́ 28, ẹ wo bí àlàfo náà ṣe ń dí sí. ASTM C618 ń fẹ́ kí mọ́tà (àpòpọ̀ símẹ́ńtì, yanrìn àti omi) tí ìdá 20 símẹ́ńtì rẹ̀ jẹ́ fly ash ní agbára tó ìdá 75 ti àfiwé, ó kéré tán, ní ọjọ́ 7 tàbí 28. Ní ọjọ́ 56 àti 90, fly ash tó dára sábà máa ń bá àfiwé dọ́gba tàbí kó kọjá rẹ̀. Bí ọjọ́ 90 bá pé tí àlàfo kò dí rárá, a jẹ́ pé pàǹtírí yẹn kò bá símẹ́ńtì ṣiṣẹ́. Ó kàn ń gba àyè ni. Ẹ kà á sí yanrìn, ẹ dá símẹ́ńtì padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀.

Bí kọnkéré tó ní ìdàrọ́ bá ní àwọ̀ aró mọ́ ewé nínú nígbà tí ẹ bá fọ́ ọ tàbí tí ẹ bá tú pákó rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Afẹ́fẹ́ á gbá a lọ.

## Omi rírin, ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́

Ẹ lè ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ títí dé ibí, kí ẹ sì pàdánù rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Eérú àti ìdàrọ́ nílò omi fún ìgbà pípẹ́, torí wọn kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí símẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Bí ojú kọnkéré bá gbẹ, iṣẹ́ wọn dúró síbẹ̀, ojú náà á máa yọ lẹ́búlẹ́bú, á sì jẹ́ kí omi àti iyọ̀ máa wọlé lọ bá irin.

- Ẹ bò ó pẹ̀lú ọ̀rá tàbí àpò tútù ní kété tí ojú rẹ̀ bá ti gba ọwọ́.
- Kọnkéré lásán nílò ó kéré tán ọjọ́ 7. Èyí tó ní fly ash tàbí ìdàrọ́, ẹ fún un ní ọjọ́ 10 sí 14.
- Ooru ń ràn án lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń pa á. Òtútù á fà á sẹ́yìn gan-an, pàápàá ìdàrọ́.
- Ẹ má tú òpó-ìtìlẹ́yìn abẹ́ dẹ́kìn torí pé iye ọjọ́ tí ẹ máa ń kà tẹ́lẹ̀ ti pé. Ẹ rọ kúúbù mélòó kan sílẹ̀ níbi iṣẹ́, kó jẹ òjò àti oòrùn kan náà pẹ̀lú dẹ́kìn, ohun tí wọ́n bá sọ ní láàbù ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fò. Kọnkéré tó lọ́ra tí wọ́n tú ìtìlẹ́yìn rẹ̀ láìtọ́jọ́ lè wó lé òṣìṣẹ́ lórí.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Fífi garawa wọ̀n. Garawa eérú kan kò wúwo tó garawa símẹ́ńtì kan. Ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ojú kò ní mọ iye tó fi rọ́pò. Ìwúwo ni kí ẹ lò.

Gbígbàgbé omi inú eérú. Eérú tí wọ́n wà jáde nínú adágún ilé-iṣẹ́ ti mu omi. Ẹ wọn díẹ̀, ẹ yan án gbẹ lórí iná, ẹ tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni omi tí ẹ máa yọ kúrò nínú omi ìpò.

Gbígbà pé ẹrù òní jọ ti àná. Ilé-iṣẹ́ lè yí èédú tó ń sun padà, eérú á sì yí padà láìsí pé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ìgbésẹ̀ 3 sí 5 kò gbà ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ ṣe é fún ẹrù kọ̀ọ̀kan.

Kíkó pàǹtírí mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá bàjẹ́, ẹ kò ní mọ èyí tó fà á.

## Bí kò bá sí láàbù nítòsí

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ ra símẹ́ńtì tí ilé-iṣẹ́ ti po ìdàrọ́ tàbí eérú mọ́. Wọ́n ti dán an wò, nọ́ńbà rẹ̀ wà lára àpò. CEM III/A, fún àpẹẹrẹ, ní ìdàrọ́ ìdá 36 sí 65 nínú. Ẹ má tún fi nǹkan kan kún un.

Bí ẹ bá fẹ́ lo èyí tó wà lọ́wọ́ yín dandan, ẹ fi ṣe ohun tí kò gbé ẹrù: ọ̀nà ẹsẹ̀, etí ọgbà òdòdó, ilẹ̀ tí ọkọ̀ kì í gùn. Kọnkéré àtijọ́ tí wọ́n fọ́ dára láti fi kún abẹ́ ilẹ̀ láìlo símẹ́ńtì rárá.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ẹ lè fi caustic soda (sódà líle tó ń jó ara) po eérú kó di kọnkéré láìsí símẹ́ńtì. Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n sódà yẹn ń jẹ awọ ara, ó ń fọ́ ojú. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé.

## Ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀ fún ẹrù kọ̀ọ̀kan

- Orísun rẹ̀ àti ọjọ́ tó dé
- Irú símẹ́ńtì tí ẹ lò àti nọ́ńbà tó wà lára àpò
- Ìwọ̀n gbogbo nǹkan ní kìlógíráàmù, títí kan omi tí ẹ fi kún un
- Slump, àti wákàtí tó gbà kó tó dì
- Iye ọjọ́ tí ẹ fi rin ín
- Agbára kúúbù ní ọjọ́ 7, 28, 56 àti 90

Ẹ bu ìgò kan pamọ́ nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan, kó gbẹ, kí ẹ lẹ ọjọ́ mọ́ ọn lára. Bí kúúbù ọjọ́ 90 bá jáde pẹ̀lú ohun tí ẹ kò retí, ìgò yẹn ni láàbù máa béèrè.